Tẹlifóònù aláìlókùn ní ilé ìyá mi

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà pọ́ńbélé. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ilé ni, irú èyí tí a lè gbé kiri inú ilé láìsí okùn nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ èdè pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá mi ń dá gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní orúnkún. Ibi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ jìnnà sí wọn tó ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojú irin. Tẹlifóònù olókùn kan ṣoṣo ni ó wà nílé wọn, ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì gbé e kọ́ sí. Bí ó bá ti dún, Màmá yóò fi ohun tí wọ́n ń sè sílẹ̀, wọn yóò máa fi ọ̀pá sáré bọ̀ kí ẹni tí ó ń pè má baà gbé e sílẹ̀. Ìgbà méjì ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Fóònù alágbèéká wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú dígí rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí ìka wọn lẹ́nu, lẹ́tà inú rẹ̀ sì kéré. Bọ́tìnnì tí ó ga, tí ìka lè mọ̀ lára, ni wọ́n fẹ́. Èyí ni mo fi ra aláìlókùn, mẹ́ta nínú páálí kan.

Ìwé ìlànà tí ó bá a wá sọ oríṣiríṣi èdè, kò sọ Yorùbá. Ohun tí a ń gbé sí etí wà nínú rẹ̀, ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ tí a so mọ́ okùn náà sì wà. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ tààrà láti inú Gẹ̀ẹ́sì yóò pe ti ìsàlẹ̀ ní “ìpìlẹ̀”, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dùn lórí ìwé. Màmá kò dúró de ìtumọ̀ mi. Wọ́n wo méjèèjì, wọ́n ní, “Ṣé ìyá rẹ̀ nìyí, tí àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ ọmọ?”

Mo fi bírò sílẹ̀. Ẹ ronú sí i: a ní ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ, a ní odó àti ọmọ odó, a ní ìyáàlù láàárín àwọn ìlù. Nínú irú àpèlé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe títóbi àti kíkéré nìkan ni a ń sọ. Ohun tí a ń sọ ni pé èyí tí ó jókòó sójú kan ni ìyá, èyí tí ọwọ́ ń gbé lọ gbé bọ̀ ni ọmọ, àti pé ọmọ kò lè ṣiṣẹ́ kankan bí kò bá sí ìyá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ yìí rí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ilé ìdáná wò kí wọ́n tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Orúkọ “aláìlókùn” ni Màmá kò gbà. “Aláìlókùn kẹ̀, ọkọ mi? Ìyá rẹ̀ tí ẹ so mọ́ ògiri yìí ńkọ́?” Wọ́n ní bí ewúrẹ́ ni ó rí: ìyá ni a so mọ́lẹ̀, ọmọ ń jẹ káàkiri, kò sì ní jìnnà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé ó lè dé nǹkan bí mítà 50 nínú ilé àti 300 ní gbangba. Nínú ilé alágbékà tí wọ́n fi kọnkéré kọ́, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Màmá dán an wò. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ gba lẹ́tà, àtẹ̀gùn kejì ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Títò ó kò le. Bátìrì kéékèèké méjì ni ó wà nínú ọmọ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí ó ń gba iná sára. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán rọ́pò wọn, nítorí èyí kò ṣeé fún ní iná, ó sì lè bẹ́. Ìwé ìlànà ní kí ọmọ jókòó sórí iná fún wákàtí 16 kí a tó lò ó. Màmá ní ìyẹn náà bójú mu, ṣé ọmọ tuntun a máa sùn. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ọmọ mọ ìyá: a ó tẹ bọ́tìnnì ara ìyá mọ́lẹ̀ títí, a ó sì tẹ nọ́ḿbà àṣírí lára ọmọ, 0000 ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ọmọ bá sọnù sábẹ́ ìrọ̀rí, a ó tẹ bọ́tìnnì ìyá kan náà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yóò sì ké níbi tí ó wà.

Orí ìgbì rédíò láàárín 1880 àti 1900 MHz ni ìyá àti ọmọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní Yúróòpù. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1920 sí 1930. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, ẹ má ṣe ra tiyín ránṣẹ́ sí ìyá yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú ọ̀nà àwọn fóònù alágbèéká ni yóò máa gbà níbẹ̀, òfin kò sì fàyè gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìró èdè, tiyín nìyí. Ohùn tí ó wà láàárín 300 sí 3400 Hz nìkan ni tẹlifóònù àtijọ́ ń gbé kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni tán-án-ná ọkùnrin sábà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin sì ń sún mọ́ 200. Ìgbọ̀n yìí gan-an ni ó ń gbé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kò sì kọjá! Síbẹ̀, bí mo bá sọ fún Màmá pé “ọkọ̀ ti dé”, wọn kò ní gbọ́ ọ ní “ọkọ ti dé”. Ìdí ni pé ìlọ́po ìgbọ̀n náà ń kọjá, ọpọlọ sì ń fi àlàfo àárín wọn mọ èyí tí ó sọnù.

Kọ́ńsónáǹtì ni ìyà ń jẹ. Èémí /s/ ga ju 3400 lọ, ó sì máa ń fara jọ /f/. Ìyàwó àbúrò mi pè láti Ìbàdàn pé ọmọ wọn ń sín. Màmá gbọ́ “ń fín”, wọ́n sì ń béèrè irú oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n gbé lé ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan lónìí ń gbé 50 sí 7000, bí ìhà méjèèjì bá lè gbà á.

Ohun tí ó kó mi lọ́kàn sókè jù ni ọ̀rọ̀ iná. Okùn bàbà àtijọ́ máa ń gbé iná tirẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, nǹkan bí fóólítì 50, tó fi jẹ́ pé bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, tẹlifóònù ara ògiri yóò ṣì máa dún. Bìrìtéènì ń pa ọ̀nà yẹn rẹ́. Ní ọdún 2024 ni wọ́n sún òpin rẹ̀ láti oṣù Kejìlá 2025 sí ìparí oṣù Kìíní 2027. Ìdí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ni ìyá tí ó wà nílé Màmá ń jókòó sí báyìí. Bí iná bá lọ, ìyá kú, ọmọ kú, íntánẹ́ẹ̀tì kú. Obìnrin tí ó ń fi ọ̀pá rìn kò gbọdọ̀ wà láìní ọ̀nà tí yóò fi pe 999. Mo ra bátìrì àpamọ́ sí ìdí ẹ̀rọ méjèèjì, a sì pa iná ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan kí a lè rí bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ofcom ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pèsè ọ̀nà ìpè pàjáwìrì fún wákàtí kan ó kéré tán fún àwọn tí ó gbójú lé tẹlifóònù ilé. Kí ẹni tí ó ní òbí àgbà níbẹ̀ béèrè fún un.

Mo kọ orúkọ bọ́tìnnì sórí ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: TÚN UN PÈ, DÚRÓ NÁ, PA Á LẸ́NU MỌ́, PE ỌMỌ KEJÌ. Èyí tí ń jẹ́ kí ohùn jáde síta, Màmá ni ó sọ ọ́ lórúkọ: KÍ GBOGBO ILÉ GBỌ́. Bọ́tìnnì yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù, a kì í sì í sọ àṣírí fún wọn lórí tẹlifóònù mọ́.

Ọmọ kan wà ní ilé ìdáná, èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ̀kẹta ṣì wà nínú páálí. Màmá ní tèmi ni, pé ìgbà tí mo bá wá lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́dọ̀ àwọn ni àwọn yóò yọ ọ́.