Ìwé Gbélé-Ẹ

Láyé ọjọ́un, ọwọ́ mẹ́séńjà ni ìwé gbélé-ẹ ti ń wá. Inú àpòòwé búráùn ló máa ń wà, pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó gbà á. Mẹ́séńjà tó bá ti fura sí ohun tó gbé dání kì í wojú ẹni. Á kàn na bírò síni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i níbí." Gbogbo ọ́fíìsì á pa lọ́lọ́.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán níbẹ̀ o. Ìpẹ̀ ló kù. Àgbà àdúgbò, lèmọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀, ẹni tó bá ìyàwó ọ̀gá tan, gbogbo wọn á rọ́ lọ sílé ọ̀gá lọ́sàn-án Sọ́ńdè, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí pálọ̀. Ọ̀gá á fajú ro, á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ wọn: kì í tètè dé, ó ń ṣàfojúdi. Wọ́n á ní ó jẹ̀bi, àwọn ò wá rojọ́, ẹ̀bẹ̀ làwọn wá bẹ̀. Nígbà mìíràn, ìwé gbélé-ẹ á di ìwé ìkìlọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń gbẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tí wọ́n ń lọ.

Rédíò ló kọ́kọ́ da nǹkan rú. Lọ́dún 1975 tí Murtala Muhammed gorí àlééfà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ ló pàdánù iṣẹ́. Ẹlòmíràn jókòó sílé, orí afẹ́fẹ́ ló ti gbọ́ ọ. "With immediate effect" wá di ohun tí tọmọdé tàgbà ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Àwọn Òyìnbó náà ò yàtọ̀. "Sack" tí wọ́n ń pè é, wọ́n ní àpò irinṣẹ́ ló ti wá: oníṣẹ́ ọwọ́ á gba àpò rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ní March 17, 2022, fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni P&O Ferries fi lé òṣìṣẹ́ ojú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 ní Britain. Àwọn kan ṣì wà nínú ọkọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, káàdì tí kò ṣí géètì mọ́ ló ń sọ fún ẹlòmíràn, tàbí kó rí i pé wọ́n ti yọ òun kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni ímeèlì á wọlé. Àwọn àgbà tó lè bẹ̀bẹ̀ ṣì wà ládùúgbò, àmọ́ ilé ta ni kí wọ́n gbà lọ? Wọ́n ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà náà pé kí ẹnikẹ́ni má fèsì.