Òrí, Orí àti Májèlé Sọ́sééjì

Iyán ló tú u láṣìírí. Ọjọ́ kejì tí Àbúrò dé Kàbbà fún Kérésìmesì, tí ọyẹ́ ṣì bo orí òkè mọ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀, ó sì rí i pé apá òsì ẹnu nìkan ni ọkùnrin náà fi ń jẹ ẹ́. Ẹran ìgbẹ́ inú ọbẹ̀, ó rọra tì í sí etí àwo.

“Ta ní ń yan ẹ̀gbẹ́ fún iyán?” ni Ẹ̀gbọ́n bi í. “Oúnjẹ tí kò béèrè eyín lọ́wọ́ ẹni!”

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Ibi etí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á gun ẹ̀bátí, á wá di ẹ̀fọ́rí tó ń fún mi lórí yíká bí ẹni fi ọ̀já dì í.”

“Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ló gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì.”

“Ọ̀nà kọ́. Láti Ọbájánà dé ibí, kìlómítà 43 yẹn ti di kọnkéré, mo tiẹ̀ sùn lọ nínú ọkọ̀. Oorun gan-an ni ìṣòro. Dókítà eyín ní mò ń payín keke lójú oorun.”

Ẹ̀gbọ́n, ìyá ẹni ọdún 66 tí kò rìn kọjá Lọ́kọ́ja rí, rẹ́rìn-ín dọ́ba. Lójú tirẹ̀, ọmọdé ló ń payín keke, aràn ni wọ́n sì máa ń ní ó ń dà á láàmú. Ọkùnrin ẹni ọdún 52, tó ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Manchester láti ọdún 14 wá, kí ni aràn ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀? Àbúrò ní kì í ṣe aràn. Iṣẹ́ òru ni, àìsùn ni, ìrònú owó ilé ni. Ẹni tó bá ń ronú a máa wa eyín pọ̀ láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, àfi tí èèyàn bá ń jẹun tàbí tó ń gbé nǹkan mì.

“Ẹ fi ìka lé ẹ̀bátí yín, kí ẹ wá wa eyín pọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan wú lábẹ́ ìka rẹ̀, ó rọ̀, ó tún wú. Iṣan tó ń pa ẹnu dé ló gun orí lọ báyẹn, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń di ti orí.

“Kí wá ni wọ́n fún ọ lọ́hùn-ún?”

“Ike kan tí mò ń fi sí eyín sùn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí a jọ ń wa ọkọ̀, tí túúlu fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di aláìníṣẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un. Ojú 31 ni wọ́n gún un sí: iwájú orí, ẹ̀bátí, ìpàkọ́, ọrùn, èjìká.”

“Kí ló wà nínú abẹ́rẹ́ ọ̀hún?”

“Májèlé.”

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó tún jókòó. Ó ní kó tún un sọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbúrò di ohun àgbàgbé fún bíi wákàtí kan, nítorí nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó fà á gùn bí ẹni ń pàlọ́.

Sọ́sééjì tó bàjẹ́ ni májèlé náà ti wá, ó ní. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Württemberg ní Jámánì a máa jẹ irú sọ́sééjì bẹ́ẹ̀, ìpéǹpéjú wọn á wálẹ̀, ọ̀fun wọn á gbẹ, àwọn míì kò ní lè mí mọ́. Dókítà kan tó tún jẹ́ akéwì, Justinus Kerner, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1820 àti 1822. Ó tilẹ̀ tọ́ májèlé náà wò fúnra rẹ̀.

“Ó tọ́ ọ wò? Kò ní ìyàwó nílé ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Botulus ni Látìnì ń pe sọ́sééjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ Botox. Ní 1895, ní abúlé Ellezelles ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹgbẹ́ onífèrè lọ ṣeré níbi ìsìnkú arúgbó kan. Wọ́n jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Mẹ́ta kú nínú wọn.”

“Onífèrè tó lọ bá wọn sin òkú!” Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́, ó gbé ọwọ́ lérí. Èyí ló dùn ún jù nínú gbogbo ìtàn náà, bóyá nítorí pé ó ń ka iye àwo ìsìnkú tí òun náà ti jẹ ní Kàbbà, ní Ìyàrà, ní Ìsánlú. Kò tilẹ̀ fetí sí i mọ́ nígbà tí Àbúrò ń sọ pé ara ẹran yẹn ni ọ̀jọ̀gbọ́n Émile van Ermengem ti rí kòkòrò tó ń pèsè májèlé náà.

Ọ̀ràn San Francisco ló dá etí rẹ̀ padà. Dókítà ojú kan níbẹ̀, Alan Scott, ló ronú pé ohun tó ń mú iṣan rọ lè tọ́ ojú tó wo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ́nà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1989, wọ́n fọwọ́ sí i fún túúlu ní 2010, England náà tẹ̀ lé e ní 2012, fún ẹni tí orí ń fọ́ fún ọjọ́ 15 ó kéré tán lóṣù. Bíńtín ni wọ́n ń fà sínú abẹ́rẹ́. Á dí ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ iṣan, iṣan á sì rọ̀.

“Á rọ̀ títí láé?”

“Bí oṣù mẹ́ta. Wọ́n á tún gún un.”

“Èésú! Ẹ̀ ń dá èésú fún májèlé!”

“Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tún ń gún un sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwa apayín-keke. Wọ́n fi lọ̀ mí. Wọ́n ní ẹran lè ṣòro fún mi láti rún fúngbà díẹ̀.”

“Owó lọ, ẹran lọ. Jókòó sílẹ̀ níbí, kí n fi òrí wo orí.”

Ó bu òrí bí ẹyọ ẹ̀kùrọ́ kan sínú ìdérí kọ́ọ̀bù, ó gbé e lé ẹyin iná títí ó fi mọ́ gaara bí omi. Ó ri aṣọ inujú bọ omi gbígbóná, ó fún un, ó fi kan inú apá ara rẹ̀ kó má baà jó o, ó wá fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbúrò títí aṣọ fi tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹta. “Lanu díẹ̀. Má wa eyín.” Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn lábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ó fi rí kókó kan bí hóró ẹ̀wà. Ó tẹ̀ ẹ́. Omi bọ́ lójú Àbúrò.

Ká sòótọ́, ohun tí abẹ́rẹ́ ń wá ni ọwọ́ yìí náà ń wá, kí iṣan rọ̀. Òrí kàn ń mú kí ọwọ́ yọ̀ ni. Ìpara Àbóníkí tó fi kádìí ní ẹ̀bátí náà kì í ṣe àlá lásán. Ní 1996, àwọn dókítà ní Jámánì fi epo ewé méńtì pa orí èèyàn 41 tí irú ẹ̀fọ́rí tó ń fún orí yíká bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ó sì ṣe bí parasitamọ́ọ̀ gíráàmù kan ti ṣe.

“Ó tù mí,” ni Àbúrò wí.

“Fi èyí lé e.” Ẹ̀gbọ́n tú etí ìró, ó mú oògùn ẹ̀fọ́rí Alábùkún jáde.

“Ẹyọ mélòó lẹ̀ ń lò?”

“Ọ̀kan láàárọ̀. Bí ọjà bá gbóná, méjì. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú.”

Ó wá kan Àbúrò láti kígbe. Àṣé májèlé ojoojúmọ́ wà ní Kàbbà! Ẹ̀gbọ́n ní kó má fi oògùn Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́, Abẹ́òkúta ni Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú, ti ṣe é ní 1918. Àbúrò ní òun ò bá Odulate jà, ṣùgbọ́n asipírìnì àti káfíìnì ló wà nínú rẹ̀, asipírìnì ọ̀hún sì ti ọ̀dọ̀ Felix Hoffmann ti Bayer wá ní 1897. (Jámánì mà ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn orí yìí o.) Ẹni tó bá ń lo irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, oògùn náà gan-an a máa di ẹ̀fọ́rí fún un, ká má tíì sọ ti ọgbẹ́ inú.

“Mo bu díẹ̀ fún ọmọ-ọmọ mi nígbà tí ibà mú un. Kí ló ṣe é?”

“Ẹ̀gbọ́n! Kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16! Ó lè kọlu ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn yín bí ẹ bá ń jẹun? Ṣé ẹ̀bátí ń ro yín bí ẹ bá ń ya irun?” Ẹni tó ti lé ní 50 tí méjèèjì bá ń ṣe, ojú rẹ̀ lè fọ́ bí kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá sì bá ti àyà rìn, ọkàn ni kí wọ́n sáré yẹ̀ wò.

“Kò sí ìkankan,” ni Ẹ̀gbọ́n fèsì, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Orí ló kàn ń fọ́ mi. Mú ike tìẹ wá kí n rí i.”

Àbúrò gbé e jáde nínú páálí rẹ̀, ó fi sí eyín, ó gbìyànjú láti kí i bí ará ilé: “Okun o.” Nǹkan tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí ti ọmọ tó gbé guguru sẹ́nu kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó rín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó nawọ́ sí Alábùkún níbi tó gbé e lé. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Àpò ṣòkòtò Àbúrò ló wà.