Bisikíìtì Ọdún Tí Kò Ní Ṣúgà

Ìlapa Èrò
(i) Ọdún Kérésìmesì àti bisikíìtì ní ilé wa
(ii) Àìsàn ìyá mi
(iii) Ohun tí a fi rọ́pò ṣúgà
(iv) Pípò, yíyan àti ṣíṣe bisikíìtì lọ́ṣọ̀ọ́
(v) Ìṣirò tí ó wà nídìí orúkọ náà
(vi) Ọjọ́ ọdún
(vii) Ìparí

Àròkọ

Ayépé Ìjẹ̀bú, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odògbolú, ni ilé wa. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́ ìparí, tí ọyẹ́ sì ń mú kí ètè gbogbo ènìyàn máa là, ni àwọn ọmọ Ayépé tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ìdálẹ̀ mìíràn máa ń rọ́ wálé. Ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní oúnjẹ ọdún tí àlejò fi ń rántí rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni ti àwọn kan, nítorí pé ewùrà kò wọ́n wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìrẹsì àti adìẹ ni ti àwọn mìíràn. Bisikíìtì ni ti ilé wa. Ìyá mi kọ́ ṣíṣe rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ó sì kọ́ èmi náà. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sí àlejò tí ó wọ ilé wa ní ọjọ́ Kérésìmesì tí kò jẹ bisikíìtì tí a fi ṣúgà lúbúlúbú funfun kùn lórí.

Ní ọdún 2019 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ìyá mi ní àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Púpọ̀ nínú oúnjẹ tí a ń jẹ ni ó máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Omi-ara kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì ni ó máa ń la ọ̀nà fún ṣúgà yìí láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú àwọn ẹ̀yà ara tí yóò lò ó. Nínú ara alátọ̀gbẹ, ínsúlínì kì í tó, tàbí kí ó má ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Nígbà náà ni ṣúgà yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́. Kí àwọn onímọ̀ tó rí ínsúlínì ní ìlú Toronto ní Kánádà, ní ọdún 1921, ebi ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ. Ní ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 kan. Lóde òní, a kì í fi ebi wo àrùn yìí mọ́. Oògùn àti ìwọ̀n oúnjẹ ni a fi ń kápá rẹ̀.

Ní ọdún 2022, bàtà dá egbò kékeré kan sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìyá mi. Egbò tí ọmọdé ìbá gbàgbé láàárín ọ̀sẹ̀ kan lo oṣù mẹ́ta gbáko kí ó tó jinná. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé ìka náà. Nígbà tí Kérésìmesì dé ní ọdún náà, gbogbo ilé ni ẹ̀rù ń bà. A gbé oúnjẹ ìyá mi sọ́tọ̀, a sì ń ṣọ́ ọ. Kò bínú, kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ gbé àwo bisikíìtì wọlé, ó dìde, ó ní oorun ń kun òun, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Agogo méjì ọ̀sán ni. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ jẹ bisikíìtì ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò pọ̀ nínú ilé.

Ìdí nìyí tí mo fi pinnu, bí ọdún 2023 ti ń parí lọ, pé a óò ṣe bisikíìtì tí ìyá mi yóò lè bá wa jẹ. Mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní kò burú, bí a bá lè wọn ohun tí a fi ṣe é, tí a kò sì jẹ é lájẹjù. Lẹ́yìn èyí ni a jókòó láti ronú ohun tí a óò fi rọ́pò ṣúgà. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Oyin ìgàn ńkọ́? Oyin kì í ṣe ohun tí òyìnbó rọ." Mo dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ara kò ní béèrè bóyá oyin ni ó gbé e wá tàbí ìrèké."

Ó tún rántí agbáyun, èso pupa kékeré tí a máa ń jẹ nígbà èwe kí a tó fi ọsàn kíkan sẹ́nu. Iṣẹ́ ìyanu ni agbáyun ń ṣe ní ẹnu, ṣùgbọ́n ohun kíkan nìkan ni ó lè sọ di dídùn, iná sì máa ń pa agbára rẹ̀. Kò ṣeé yan mọ́ bisikíìtì. A fi í sílẹ̀ fún omi ìṣápá tí a óò mu, nítorí pé ẹni tí ó bá ti lá agbáyun kò ní béèrè ṣúgà sí omi ìṣápá. Èso ewé eéran, ewé tí a fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, náà dùn púpọ̀. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands ṣàlàyé ohun tí ó ń mú un dùn, èyí tí adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,000. Ṣùgbọ́n a kò rí irú rẹ̀ rà ní ọjà wa. Ní ìkẹyìn, dàbínù ni a mú. Dàbínù náà ní ṣúgà tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n díẹ̀ rẹ̀ máa ń mú oúnjẹ dùn, ó sì ní èèpo àti okùn tí ara kò tètè lọ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, mo rẹ dàbínù 15 sínú omi gbígbóná, mo yọ kóró wọn, mo sì gún wọn nínú odó kékeré títí wọ́n fi kúnná. Mo fi bọ́tà gíráàmù 180 pò ó. Mo fọ́ ẹyin kan sí i. Lẹ́yìn náà ni mo da ife ìyẹ̀fun àlìkámà mẹ́ta sí i, pẹ̀lú báákìn pọ́dà ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ fínńfín, ata ilẹ̀ gbígbẹ àti kànáfùrù lílọ̀ díẹ̀. Òórùn ata ilẹ̀ àti kànáfùrù a máa tan ahọ́n jẹ, tí ahọ́n yóò fi rò pé adùn pọ̀ ju bí ó ti wà lọ. Mo pò ó títí ó fi dì pọ̀, kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò sì fọ́.

A kò ní ẹ̀rọ ìyanbúrẹ́dì ní ilé. Ìkòkò irin ńlá ni a lò, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti kọ́ mi. A da yanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a gbé òfìfo agolo mẹ́ta lé yanrìn náà, a sì gbé pẹrẹsẹ̀ tí bisikíìtì wà lórí rẹ̀ ka orí wọn. A dé ìkòkò náà pa, a wá kó ẹ̀ṣẹ́ná èédú sí orí ìdérí rẹ̀, kí iná lè wà lókè àti nísàlẹ̀. Yanrìn ni kò jẹ́ kí iná ìsàlẹ̀ jó oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń yan bisikíìtì tí kò ní ṣúgà gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan: ṣúgà ni ó ń ran bisikíìtì lọ́wọ́ láti pọ́n àti láti le. Bí kò bá sí níbẹ̀, bisikíìtì kì í tètè pọ́n. Ẹni tí ó bá ń dúró de àwọ̀ àtijọ́ yóò yan án gbẹ. Etí rẹ̀ ni kí a máa wò. Bí etí bá ti yípadà díẹ̀, ó ti jinná. Ti wa gbà tó ìṣẹ́jú 20.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹnu agolo mílíìkì gé àwọn kan ní róbótó, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gé àwọn mìíràn bí ìràwọ̀. Èyí àgbà nínú wọn gé ẹṣin, irú èyí tí ó rí ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Nígbà tí ẹṣin náà jáde nínú ìkòkò, ó ti wú, ó sì dàbí ewúrẹ́ tí ó lóyún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kí a tó yan wọ́n, àwọn ọmọ ti to ẹ̀gúsí bíbó sí ara ìràwọ̀, wọ́n ti wọ́n yànmọ̀tí sí òmíràn, wọ́n sì ti fi fọ́ọ̀kì fa ìlà sí ara àwọn tí ó kù. Lẹ́yìn tí wọ́n tutù, a fi ẹ̀pà lílọ̀ pa wọ́n lórí fẹ́ẹ́rẹ́, a sì wọ́n àgbọn rírin lé e. A fi àgbọn kan sílẹ̀ ní funfun, a rẹ òmíràn sínú omi ìṣápá kí ó lè pupa, a sì sá a gbẹ. Kò sí ẹni tí ó rí àwo náà tí ó rántí ṣúgà lúbúlúbú.

Bí bisikíìtì ti ń jáde, ìyá mi sún àga rẹ̀ mọ́ wa. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ṣúgà nínú rẹ̀, ẹ bù ú kún àwo fún mi." Ibí yìí ni ewu wà. Mo mú bébà àti kálàmù, mo sì ṣe ìṣirò níwájú rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ife ìyẹ̀fun mẹ́ta wọn nǹkan bí gíráàmù 375. Nínú rẹ̀, nǹkan bí 280 ni yóò di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Dàbínù 15 yóò fi nǹkan bí 84 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 364. Bisikíìtì 48 ni a rí, nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ju gíráàmù 7 ààbọ̀ lọ díẹ̀. Bisikíìtì àtijọ́, tí a ń fi ife ṣúgà kan ṣe, ní 480, èyí tí í ṣe 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ni pé a ti yọ gbogbo ṣúgà, síbẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ń di ṣúgà ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ni ó gbé e pamọ́.

Ìyá mi wo bébà náà títí. Ó wá béèrè pé, "Mélòó ni mo lè jẹ?" Mo ní, "Méjì, Màmá. Méjì kò jìnnà sí búrẹ́dì bíbẹ́ kan. A óò sì yọ búrẹ́dì àárọ̀ yín kúrò." Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n inú àwo kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ni n óò ti mú un."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ìyá mi ni ó jókòó ti àwo náà, òun ni ó sì ń pín in fún àlejò. Ó mú méjì tirẹ̀, ó jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó sì mu omi ìṣápá lé e. Lẹ́yìn wákàtí méjì, a fi ẹ̀rọ kékeré yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti gòkè, ṣùgbọ́n kò kọjá ààlà tí nọ́ọ̀sì fún wa. Àlejò kan tí òun náà ní àtọ̀gbẹ béèrè bóyá òun lè jẹ mẹ́wàá, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ìyá mi ni ó dá a lóhùn. Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ ni kò ní ṣúgà, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ní. Méjì péré."

Ní ọdún 2024, a tún un ṣe. A dín ìyẹ̀fun kù sí ife méjì, a fi ife ẹ̀pà lílọ̀ kan rọ́pò ìkẹta, a sì lo dàbínù 10. Ohun tí ń di ṣúgà nínú bisikíìtì kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 5 ààbọ̀, èyí tí kò ju ìdajì ti àtijọ́ lọ púpọ̀. Bisikíìtì náà túbọ̀ rọ̀, ó sì máa ń tètè fọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pà mú adùn tirẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá àlejò kan wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu. Kò sì yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ pẹ́ púpọ̀, nítorí pé ṣúgà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ni kí a jẹ é tán, kí ó sì wà nínú agolo tí ìdérí rẹ̀ le.

Ní ìparí, bisikíìtì tí kò ní ṣúgà kì í ṣe oògùn, kò sì wo ẹnikẹ́ni sàn. Ohun méjì ni ó kọ́ wa ní ilé wa. Èkíní ni pé kí a mọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ gan-an, kí orúkọ rẹ̀ má baà tàn wá jẹ. Èkejì ni pé kí a má fi àìsàn lé ẹnìkan kúrò nídìí àwo ọdún. Ẹni tí a bá gbé oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ lè yó, ṣùgbọ́n kò bá wa ṣọdún. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá wọn oúnjẹ fún àgbà inú ilé rẹ̀, tí ó sì bá a jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà, ti tọ́jú ara rẹ̀, ó sì ti tọ́jú ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú.