Ọ̀ọ̀dẹ̀ Àjọlò: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá. Olúkúlùkù ló mọ bí òun ṣe ń tọ́jú yàrá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, balùwẹ̀, kànga àti ibi ìdáná, èyí tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, tí kò sì sí ẹni tó gbà pé tòun ni. Ibẹ̀ gan-an ni ewu máa ń fara pamọ́ sí.

Irú ilé tí púpọ̀ nínú wa ń gbé nílùú Ìbàdàn, ẹ mọ̀ ọ́n: ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ wo ọ̀ọ̀dẹ̀ náà lálẹ́. Sítóòfù ìyá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ẹ̀gì epo pẹtiróòlù ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kadà ẹnìkan dí ìdajì ọ̀nà, wáyà iná tí ara rẹ̀ ti bó sì ń rọ̀ dirodiro láti ìdí mítà. Bí iná bá ṣẹ́ yọ níwájú ilé, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà ní títì pa nítorí olè, ọ̀nà wo ni àwọn ọmọ tó wà ní yàrá ìparí yóò gbà jáde?

Jẹnẹrétọ̀ tún ń bẹ níbẹ̀. Nítorí olè yìí kan náà, àwọn mìíràn a gbé e sínú ọ̀ọ̀dẹ̀, wọn a tan án, wọn a sì lọ sùn. Èéfín rẹ̀ ní atẹ́gùn olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ pé òun ń fà á símú títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Odidi ìdílé ti bá irú èyí lọ ní ilẹ̀ wa. Fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ kò tó. Ìta gbangba, tó jìnnà sí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn, ni àyè rẹ̀.

Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí a gbé rí, igi tí à ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ti jẹrà, pákó kan tí à ń tẹ̀ gòkè sì ti ya. Ó lé ní ọdún kan tí a fi ń sọ ọ́ fún bàbá onílé. Èsì wọn kì í yí padà: “Ààfáà, èló ni owó ilé tí ẹ ń san, tí ẹ fi ń bèèrè àtẹ̀gùn tuntun? Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ilé pọ̀ nígboro.” Ẹ̀rù kúìtì kò jẹ́ kí àwọn tó kù lè fọhùn. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ọmọ ọdún méje kan tó ń ti ilé kéwú bọ̀ pẹ̀lú wàláà rẹ̀ yọ̀ lórí pákó yẹn. Ó di igi mú, igi bá a wálẹ̀. Ó kán lẹ́sẹ̀. Owó tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣòwò ẹ̀kọ ló bá ìtọ́jú lọ.

Lẹ́yìn èyí ni gbogbo ilé tó pé jọ. A kò bú ẹnikẹ́ni. A kọ lẹ́tà, a to ohun tó bàjẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a kọ ọjọ́ sí i, olórí ìdílé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fọwọ́ sí i, a sì tọ́jú ẹ̀dà kan. A bẹ ìmáàmù àdúgbò kí wọ́n bá wa mú un lọ. Bàbá rí i pé kì í ṣe ẹnu ẹnìkan mọ́, àti pé lílé ìdílé mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà kò rọrùn. Káfíńtà dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ṣùgbọ́n títí a fi kó kúrò níbẹ̀, ọmọ náà ń tiro.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àánú ni ẹ ń tọrọ. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé gbígbé ní ọdún 2011 kà á sí ojúṣe onílé pé kí ó máa tún ìta ilé àti ibi àjọlò ṣe. Ó sì gbé ìtọ́jú ibi tí ayálégbé gbà lé ayálégbé lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Onílé ni yóò pààrọ̀ wáyà, ìdérí kànga àti pákó tó ya. Àwa ayálégbé ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì epo àti ọ̀kadà kúrò lójú ọ̀nà, tí a ó sì fọ balùwẹ̀ tó ń yọ̀. Bí onílé bá kọ etí ikún, ẹ rántí àwọn tí àwọn òbí wa ń pè ní wolé-wolé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yín tó wọn létí.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a dákẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ànábì wa fi àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe: àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí apá tiwọn kí omi má baà wọ́n wọn. Bí àwọn ti òkè bá wò wọ́n níran, gbogbo wọn ni yóò jọ rì.

Ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé Grenfell alájà 24 jó, ẹni 72 sì kú. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé. Àwọn kan nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń pariwo ewu iná fún ọdún mélòó kan, a kò dá wọn lóhùn. Inú Ramadan ni. Àwọn Mùsùlùmí tí kò tí ì sùn wà lára àwọn tó ń gbá ìlẹ̀kùn jí aládùúgbò. Ìwádìí tí wọ́n parí ní ọdún 2024 sọ pé kò sí ọ̀kan nínú ikú wọ̀nyẹn tí kò ṣeé yẹra fún.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ yín pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ tẹ àtẹ̀gùn wò, ẹ gbé ìdérí kànga wò, ẹ wo ibi tí wáyà ti bó, ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wà níbi tí gbogbo ilé lè rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò yín, kí ẹ jọ sọ ọ́. Kí Ọlọ́run má fi ilé ṣe ibi ìparun fún wa. Àmín.