Odò Ìgbómìnà àti Àwọn Ẹja Inú Rẹ̀

Bí a bá ń dárúkọ àwọn ìlú apẹja ní ilẹ̀ Yorùbá, Ẹ̀pẹ́, Bàdágìrì àti ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ènìyàn. Kò wọ́pọ̀ kí á gbọ́ orúkọ Ìlá Ọ̀ràngún láàárín wọn. Ọ̀pẹ ni a fi mọ Ìlá, a kò fi àwọ̀n mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní ìwọ̀, ìdẹ àti sùúrù yóò rí i pé ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ọ̀ṣun kò yàgàn ẹja rárá. Odò ibẹ̀ kò fẹ̀ bí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ nínú wọn tó í sebẹ̀.

Àwọn àgbà a máa sọ pé láti ara ogbó ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá, ogbó tí ó mọ̀nà, tí ó ń ṣíwájú àwọn baba ńlá wọn la igbó kọjá. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kò ní jiyàn, nítorí òkè àti àfonífojì ni ilẹ̀ náà. Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún jẹ́ ọmọ ìyá, Ọ̀ràngún ni orúkọ oyè ọba àwọn méjèèjì, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn ju bíi kìlómítà 12 lọ. Ṣùgbọ́n àfonífojì jíjìn ni ó là wọ́n láàárín. Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991, inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì bọ́ sí. Ìlá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá. Òkè-Ìlá sì ni ti Ìfẹ́dayọ̀.

Ẹni tí ó bá gba Òṣogbo wá yóò kọ́kọ́ kan Ìkìrun. Ìtòsí ibẹ̀ ni Èkó-Ẹ̀ǹdè wà, níbi tí ìjọba ti sé odò Ọ̀tìn kí àwọn ìlú agbègbè náà lè rí omi ẹ̀rọ mu. Omi tí a sé náà tẹ́ rẹrẹ, èpìyà àti àrọ̀ sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ibi tí omi ti rọlẹ̀, tí koríko sì yí i ká, ni kí ẹni tí ó mú ìwọ̀ lọ́wọ́ jókòó sí. Kí ó má ṣe súnmọ́ ojú ibi tí omi ti ń tú jáde, nítorí ipá omi ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Kí ó sì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ọ. Omi tí gbogbo ìlú ń mu ni.

Odò Ọ̀tìn yìí kan náà ni a fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, èyí tí Òkukù jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ọ̀tìn ń ṣàn lọ bá Erinlẹ̀, Erinlẹ̀ ń lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń gbé gbogbo wọn lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹ wá wo ohun ìyanu: ní apá Ìgbómìnà tí ó wà ní Kwara, odò Òṣìn kọ̀yìn sí wọn, ó ń lọ sí ìhà àríwá, ó sì bọ́ sínú odò Ọya. Ilẹ̀ kan náà ni ó ń rán omi sí ọ̀nà méjì.

Bí a bá dé Òkè-Ìlá, ìṣàn omi Àyìkúnnugbá ni gbogbo àlejò máa ń béèrè. Láti orí àpáta ni omi náà ti ń já wálẹ̀ láàárín igbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó nígbà tí ó kún, kí ó lọ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n àpáta a máa yọ̀ nígbà náà, bàtà tí ó di ilẹ̀ mú ni kí á wọ̀, kí á sì di ọwọ́ àwọn ọmọdé mú. Ìran wíwò ni ibẹ̀ dára fún ju ẹja pípa lọ. Inú ibú kéékèèké tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí omi ti sinmi, ni ẹja máa ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò ṣe pàtàkì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò kéékèèké a gé sí kòtò kòtò, ẹja a sì há sínú wọn. Àrọ̀ nìkan ni kò bẹ̀rù, nítorí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ó sì lè wọ́ lórí ilẹ̀ tútù láti kòtò kan bọ́ sí òmíràn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, tí omi kún bo etídò, àrọ̀ a gòkè lọ yé ẹyin síbi koríko. Irú èpìyà kan wà tí ó máa ń kó ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sẹ́nu títí wọn yóò fi lè dá wẹ̀. Ẹni tí ó bá mú irú rẹ̀, ìdílé kan ni ó mú. Ẹja òjijí náà wà: ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán gbá a mú yóò rò pé iná mànàmáná ni òun dì mú, kò sì ṣìnà, nítorí iná ara rẹ̀ lè ju 300 folti lọ.

Ekòló ni ìdẹ tí kò wọ́n. Ìwọ̀ ni ti ẹni tí ó ń wá ìgbádùn, ìgèrè àti àwọ̀n ni ti ẹni tí ń wá owó ọbẹ̀. Kí ojú àwọ̀n fẹ̀ díẹ̀, kí ọmọ ẹja lè rí ọ̀nà jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ tí ó ń pa odò wa ju àwọ̀n lọ. Àwọn kan ń da oògùn kòkó tí a ń pè ní Gamalin sínú kòtò omi, kí ẹja lè léfòó kí wọ́n kó o. Nítorí kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ṣe mọ oògùn yìí; kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó kan ìkòkò ọbẹ̀. Oró náà kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọ: ó ń pa ẹja, akàn, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹyin tí ìbá di ẹja ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀rá ara ẹja ni ó máa ń sá pamọ́ sí, yíyan àti sísè kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó lè ba iṣan ènìyàn jẹ́ kí gìrì mú un. Lindane ni orúkọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2009, àdéhùn Stockholm fi í sí ara àwọn oró tí ayé gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Òfin ẹja inú odò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 pàápàá ka májèlé léèwọ̀ fún apẹja.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ra ẹja lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pa á. Mùsùlùmí kò nílò láti dú ẹja kí ó tó jẹ ẹ́, halálì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kún fún oró kò lè di oúnjẹ rere nítorí pé inú omi ni ó ti wá. Ẹni tí kò bá rí ẹja odò tí ó dá a lójú, kí ó ra àrọ̀ inú adágún àgbẹ̀ tàbí òkú Èkó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ibì kan sì wà tí kò yẹ kí á ju ìwọ̀ sí rárá: igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í sì í dẹ̀gbẹ́. UNESCO fi igbó náà sí ara àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹ̀sìn yòówù kí á máa ṣe, àlejò kì í ba òfin onílé jẹ́. Èrè ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹja tí a kò bá yọ lẹ́nu ní ibì kan ni yóò bí èyí tí a ó pa ní ibòmíràn.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ fún arìnrìn-àjò. Bí ẹ bá dé abúlé, ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa wẹ̀ nínú omi tí kò ṣàn, nítorí àtọ̀sí ajá máa ń wà níbi tí ìgbín omi bá pọ̀. Bí ìtọ̀ ọmọ bá sì pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ dá ẹja kékeré padà sínú omi. Ẹ kó ọ̀rá àti ike yín dání padà sílé.

Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ, kíkán ni yóò kán. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání lọ sí etídò nígbà ọlidé, ẹ fi ìwọ̀ lé wọn lọ́wọ́, ẹ sì kọ́ wọn bí a ti ń dúró de ẹja. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti fi sùúrù pa ẹja kan kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìgò oró kan pa gbogbo odò.