Ìrìn-àjò Wa sí Ìlú tí Ìjọ kan Tẹ̀dó

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Láti kíláàsì kẹrin ni a ti mọ orúkọ odò Thames, a sì lè ya afárá rẹ̀ sójú pátákó láìwo ìwé. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá tí ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé béèrè pé ìlú wo ni a bá fẹ́ lọ wò, ohùn wa ṣọ̀kan: Lọ́ńdọ̀nù ni. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú àpò kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo bí a ti ń tẹ ìlú dó, kí ẹ tó máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ ohun tí ìlú jẹ́.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àwa méjìlélógún wọ bọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta. A gba Ṣíún kọjá dé Ṣágámù, a sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tí ìjọba ṣí ní ọdún 1978. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti dí ojú ọ̀nà pa, àwọn oníbúrẹ́dì àti olómi inú ọ̀rá sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa. Ọ̀gá wa kò jẹ́ kí àkókò náà ṣòfò. Wọ́n fi yé wa pé ọ̀nà yìí ni ìyá àwọn ìlú tí a ń rí. Abúlé àgbẹ̀ ni Mówè àti Ìbàfò jẹ́ rí. Nígbà tí owó ilé Èkó ga ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ níhìn-ín, tí wọ́n ń sùn ní Ògùn, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ l’Ékòó.

Báyìí ni a ṣe dé Redemption Camp, tí a ti ń pè ní Redemption City nísinsìnyí. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní ọdún 1952 ni Josiah Akíndáyọ̀mí, ọmọ Oǹdó, dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní Ẹ̀bútté Mẹ́tà. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1980, Enoch Adébóyè, ẹni tí ó ti kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò rí ní Yunifásítì Èkó, ni ó gba ipò rẹ̀ ní ọdún kejì. Ní ọdún 1983 ni ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ nínú igbó yìí, kí wọ́n lè rí ibi péjọ sí. Àwọn tí ó wá ṣe àpéjọ fẹ́ ibi sùn. Àwọn tí ó sùn fẹ́ omi. Àwọn tí ó mu omi fẹ́ ọjà, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ ṣe di ìlú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun tí ojú wa rí kì í ṣe kékeré. Ọ̀nà títẹ́jú ni, igi sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ń kó pàǹtí, gọ́tà ń ṣàn, ilé ìfowópamọ́ wà, ọlọ́pàá wà. Ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kọ ọ́ ní ọdún 2017 pé ilé ibẹ̀ tó 5,000, àti pé ẹ̀rọ tí ń lo gáàsì láti pèsè iná wọn ní agbára mẹ́gáwáàtì 25. Gbọ̀ngàn ìjọsìn tuntun wọn gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró ní ìpẹ̀kun kan kò lè dá ènìyàn mọ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Iná kò kú ní gbogbo wákàtí tí a lò níbẹ̀, a kò sì gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí a jókòó lábẹ́ igi láti jẹun, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa. Ọ̀kan nínú wa ní kí á sọ òtítọ́: bí ìjọ bá lè ṣe èyí, kí ni a tún ń fi ìjọba ṣe? Ẹlòmíràn, tí a bí ní Mówè gan-an, dá a lóhùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ní, “Ìyá mi kò gbé ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ọwọ́ mẹ́ruwà ni wọ́n ti ń ra omi. Nígbà tí òjò bá rọ̀, àgbàrá ni í ṣáájú wọn wọ yàrá. Iná yìí ń mọ́lẹ̀ lójú ọ̀run wa lálaalẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ ilé wa.” Kò sí ẹni tí ó tètè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èyí.

Ọ̀gá wa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n mú wa padà sí Lọ́ńdọ̀nù tí a ti kọ́kọ́ fẹ́. Wọ́n ní kí á má ṣe rò pé ìlú tí Àjàyí Crowther rí nígbà tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ ní ọdún 1826 rí bí àwòrán inú ìwé wa. Inú odò Thames ni wọ́n ń da ẹ̀gbin sí. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní àdúgbò Soho. Dókítà John Snow ni ó tọ́ka sí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street pé ibẹ̀ ni ikú ti ń wá, a sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1858, òórùn odò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin kò lè jókòó dáadáa nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn. Nígbà náà ni wọ́n tó yọ̀ǹda owó fún Joseph Bazalgette láti la gọ́tà ńláńlá sábẹ́ ilẹ̀. Owó gbogbo ará ìlú ni wọ́n fi là á, ó sì gba ẹ̀gbin olówó àti ti tálákà, ti ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹni tí kì í lọ.

A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn. Àwọn ará Redemption Camp kò jalè, wọn kò sì fi nǹkan ẹlòmíràn du oní-nǹkan. Ohun tí wọn kò rí gbà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, wọ́n sì fi hàn pé ènìyàn dúdú lè ṣètò ìlú kí ó tòrò. Òògùn ojú wọn yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n a rántí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀dó ní ọdún 1947, tí wọ́n ń fi ohun gbogbo ṣe àjùmọ̀ní, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ lónìí: ilé lọ, ilé-ẹ̀kọ́ lọ, itẹ́ òkú pàápàá lọ. Ìṣọ̀kan wọn kò tó láti dí òkun. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọ lè tan iná fún àwọn tirẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tí ó lè gbá Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀ mọ́ra pọ̀ kò sí lọ́wọ́ ìjọ kankan.

Kí ni èyí já mọ́ fún àwa tí a fẹ́ di tíṣà? Ó já mọ́ pé a kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìlú láti orí odò Thames mọ́. Kí á kó àwọn ọmọ jáde lọ sí etí gọ́tà tí ó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́. Kí á bi wọ́n pé: Níbo ni omi yìí ń ṣàn lọ? Ta ni ó là á? Ta ni ó yẹ kí ó tún un ṣe, owó ta ni yóò sì fi ṣe é? Lẹ́yìn náà ni kí á tó sọ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìlú tí ó mọ́ kì í já bọ́ láti ọ̀run, àti pé ẹni tí ó bá mọ ìbéèrè náà ní kékeré kò ní ṣàìbéèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà tí ó sì ń dìbò.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ìjọ, ìjọba àti ará àdúgbò bá mọ èyí, iná yóò dé ilé gbogbo wa.