Àlàpà Kì í Ṣe Ààtàn: Ìrìnàjò Wa sí Alafiarou

Ẹni tí ó bá ń ti Cotonou bọ̀ lójú ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Parakou yóò kọ́kọ́ dé Tchaourou, ìlú iṣu, kajú àti èédú, nígbà tí ó bá ku nǹkan bí 60 kìlómítà kí ó wọ Parakou. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ti Tchaourou ní gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìpín 7 ni ó wà nínú rẹ̀, Alafiarou sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn Bàrìbá, àwọn Fúlàní, àwa Nàgó, àti àwọn tí wọ́n ti agbègbè Atacora wá dáko ni wọ́n jọ ń gbé àyíká yìí. Etí ọmọ Yorùbá kò lè ṣe aláìgbọ́ «àlàáfíà» nínú orúkọ ìlú náà, ọ̀rọ̀ tí àwa àti àwọn aládùúgbò wa jọ fi ń kí ara wa.

Ní oṣù Kọkànlá tí ó kọjá, a lọ sí Alafiarou. Kì í ṣe ọdún tàbí ìgbéyàwó ni ó gbé wa lọ, ọ̀rọ̀ ògiri ni. Òjò oṣù Kẹsàn-án ti wó yàrá méjì nínú ilé tí bàbá wa kọ́ nígbà ayé rẹ̀. Èyí tí kò wó ti là láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá wa ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé àna, ó sì ń retí ohun tí àwọn ọmọ yóò sọ.

Ìdílé pé jọ lábẹ́ igi máńgòrò ní ọjọ́ kejì. Àbúrò wa ọkùnrin tí ó ń ṣòwò ní Cotonou ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a kó àlàpà yìí dà nù, kí a fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kọ́ ilé. Ta ni yóò rí ilé amọ̀ lẹ́yìn wa tí kò ní sọ pé àwọn ọmọ bàbá yìí kò rọ́wọ́ họrí?»

A kò dá a lóhùn kíákíá. Kí a má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn tiwa pẹ̀lú. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì pé ayé ń gbóná sí i, ojú ń ti àwa náà pé ògiri amọ̀ ni ti ilé wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣírò owó, èyí tí ó wà nílẹ̀ kò lè kọ́ yàrá kan parí, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ tí yóò kó sìmẹ́ǹtì àti yanrìn wọlé. Ẹnìkan wá ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí a fi amọ̀ rẹ̀ ṣe bíríkì tuntun. Ìyá wa dìde. Ó ní: «Kòtò kankan kò ní sí lẹ́yìn ilé mi.» Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn. Gbogbo wa mọ̀ pé nínú òjò tí ó kọjá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 4, já sínú kòtò kan ládùúgbò tí wọ́n ti wa amọ̀ bíríkì, tí omi sì kún dé ẹnu. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń ti oko bọ̀ ni wọ́n fà á yọ. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Bíríkìlà àgbà kan, ará Atacora, tí ó ti bá bàbá wa ṣiṣẹ́ rí, ni ó là wá. Ó nawọ́ sí àlàpà, ó ní: «Ẹ̀ ń wá amọ̀ kiri, ẹ sì jókòó tì í.»

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ògiri tí ó là náà ṣubú. Láti òkè ni wọ́n ti ń tú u, bíríkì kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ó jáde lódindi, bàbá á gbé e dé ìbàdí, á sì jẹ́ kí ó bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Bí ó bá jẹ́ pé igun rẹ̀ nìkan ni ó ta, yóò padà sínú ògiri. Èyí tí ó bá fọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á gé koríko gbígbẹ sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún un mọ nínú àpótí onígi. Ẹ̀ka kẹta ni bíríkì ìsàlẹ̀ tí omi ilẹ̀ ti jẹ, tí iyọ̀ funfun ti hù lára rẹ̀, àti èyí tí ikán ti lu. Ìwọ̀nyí kò wọ ilé mọ́. A fi wọ́n dí ojú àgbàrá lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí a kà á, bíríkì 812 ni ó jáde lódindi, a sì rí 430 mọ láti inú èyí tí ó fọ́.

A ti ń ronú láti ìgbà náà lórí ohun tí a rí. Bíríkì amọ̀ tí a sá sí oòrùn kò jó igi kankan. Bíríkì tí a sun yàtọ̀ sí i. Iná rẹ̀ ní láti gbóná dé nǹkan bí 900 sí 1000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, igi ni wọ́n sì sábà máa ń kó sí iná náà ní ìgbèríko wa, ní ilẹ̀ tí èédú ti ń mú igi òrí àti igi igbá dín kù. Ti sìmẹ́ǹtì tún ga ju ìyẹn lọ. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun pọ̀ mọ́ amọ̀ títí iná yóò fi dé nǹkan bí 1450. Kì í ṣe iná náà nìkan ni ó ń tú èéfín; òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde bí ó ti ń jóná. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, nǹkan bí ìpín 7 tàbí 8 nínú 100 ni ó ti ara sìmẹ́ǹtì wá. Ṣùgbọ́n bíríkì àlàpà kò béèrè iná, kò béèrè ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì béèrè kòtò. Kòtò tí a kò gbẹ́ kò ní gba omi tí yànmùyánmú yóò yé ẹyin sí, ọmọ kankan kò sì ní já sínú rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn náà ti mọ iyì ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní Yúróòpù, àwọn kan ń ra bíríkì ilé àtijọ́, wọ́n ń ha ẹfun kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń fi kọ́ ilé tuntun. Èyí tí wọ́n fi ẹfun mọ ni ó rọrùn láti tú. Èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì líle mọ sábà máa ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni amọ̀ wa: bí a bá ti po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, kò ní ṣeé rẹ sínú omi mọ́ kí a tún un mọ. Ní Koutammakou, lápá Atacora, ilé amọ̀ àwọn Batammariba gbajúmọ̀ débi pé UNESCO kọ ilẹ̀ wọn ní Tógò sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2004, ó sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní ọdún 2023. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, fi bíríkì amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀ ní ọdún 2001. Ní ọdún 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ fún àwọn ayàwòrán ilé. Òun náà ni ó ya àwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ní Àjàṣẹ́.

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí a kọ sìmẹ́ǹtì pátápátá. Owó àbúrò wa ni a fi ra òkúta àti ìwọ̀nba sìmẹ́ǹtì fún ìpìlẹ̀, kí omi ilẹ̀ má baà tún gun ògiri. Òun náà ni a fi ra páànù, a sì fa etí òrùlé jáde dáadáa kí òjò má baà nà án. Ilé amọ̀ tí ó bá ní bàtà tí ó dára àti fìlà tí ó fẹ̀ yóò pẹ́. Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n rẹ́ ògiri: wọ́n se èèpo igbá, wọ́n sì fi omi rẹ̀ pupa pa á lára kí òjò má tètè fọ̀ ọ́.

Ní oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn mú jù, a padà lọ. Ìyá wa wà nínú yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Inú yàrá náà tutù ju ṣọ́ọ̀bù oníbúlọ́ọ̀kù tí ó wà ní iwájú ọ̀nà. Àbúrò wa, ẹni tí ojú ń tì tẹ́lẹ̀, ni ó ń mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí ilé ká, tí ó ń fi bíríkì bàbá wa hàn wọ́n. Ìyá wa ti gbin ewédú àti ata sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń sáré kiri láàrin ebè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ògiri bá wó ní ilé yín, ẹ má tètè pe ọkọ̀ tí yóò kó o dànù. Ẹ kọ́kọ́ pe bíríkìlà àgbà tí ó wà ládùúgbò, kí ẹ jọ ka iye bíríkì tí ó ṣì lè padà sí ògiri.